Àna mi kun irin àtijọ́ lọ́dà, ó ní tuntun ni

Lónìí ni mo tó mọ̀ pé ọkọ àbúrò mi lè wojú mi kó sì parọ́.

Òun ni mẹkáníìkì mi ní Ṣakí. Nígbà tí mánífóòdù mọ́tò mi, irin tó ń gba èéfín lára ẹ́ńjìnnì, ń jò, tó ń pariwo, ó ní ká ra tuntun inú páálí. Mo fowó lé e lọ́wọ́. Ó dè é, ó ń dán bí abọ́ ìyàwó. Mo tiẹ̀ ṣàdúà fún un.

Bí mo ṣe ń kó iṣu bọ̀ láti Ogbooro láàárọ̀ yìí, ariwo ìjọ́sí tún bẹ̀rẹ̀. Mo yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà. Ó tú irin náà, ó fi pẹtiróòlù nù ún, ọ̀dà bá ṣí kúrò. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ hàn. Ibi tí etí kan ti já lára tèmi àtijọ́, ibẹ̀ náà ló ti já lára èyí.

Mo pè é. "Àna mi, kí lẹ dè sára mọ́tò mi?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Tuntun ìsinsìnyí kì í pẹ́. Ojúlówó tiyín dáa jù ú lọ, mo kàn bá yín tún un ṣe ni."

"Tuntun tí mo sanwó ẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní òun ò gbọ́ mi dáadáa mọ́.

Kí n tó délé, ó ti pe ìyá mi. Ó ní mo gbé mọ́tò fún mẹkáníìkì àjèjì, mo dójú ti òun. Màámi ní a kì í bá àna jà, kí n lọ bẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i. Tí mo bá dé ọ̀hún, kí ni kí n sọ pé mo ṣe?