Ọsibítù Mọ́tò Tó Wà Létí Irà

Bí mo bá sọ pé àárò gósílóò ń sọ mí, àwọn ọmọ mi a máa wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa jù. N kì í bá wọn jà. Nínú gbogbo èrò Èkó, ta ló fẹ́ràn sún kẹrẹ fà kẹrẹ? Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgbà kan wà láyé mi, nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí ìjọba ń la ọ̀nà káàkiri bí ẹni tí ń ya àlòkù aṣọ, tó jẹ́ pé gósílóò ló ń bá mi mú ọkọ mi wálé. Ọkọ mi ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ ńlá lójú títì, ọkàn mi ṣì máa ń dìde kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó ń bọ̀.

Yàrá kan la háyà ní Ìsọlọ̀, nínú ilé tó kọjú sí ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń ṣe láti Àpápá lọ sí Òṣòdì. Aṣọ ni mò ń rán. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé kí àwọn oníbàárà lè rí mi, kí èmi náà sì lè máa rí ojú ọ̀nà. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Sìmẹ́ńtì ló ń kó ní wọ́ọ̀fù Àpápá lọ sí Ìbàdàn, torí gbogbo ayé ló ń kọ́lé nígbà náà, ẹni tí kò tíì rówó kọ́ ọ ti kó òkúta jọ sílẹ̀ dè é. A kò tíì pẹ́ tí a ṣègbéyàwó. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwa méjèèjì, a kò sì ní ẹbí kankan ní Èkó ju ara wa lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà ti gbẹ́ apá kan títì, wọ́n fi àgbá dí apá kejì, gbogbo ọkọ̀ wá ń gba ojú tóóró tó kù níwájú ilé wa. Katapílà ń ké láti àárọ̀. Eruku ń bá wa jẹ nínú ọbẹ̀. Omi ẹ̀rọ ti dá, torí wọ́n ti gé páìpù, wọn kò sì rántí so ó padà. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣépè. Èmi nìkan ni mò ń dúpẹ́ ní kọ̀rọ̀, torí bí ọkọ̀ ọkọ mi bá ti dé iwájú ilé, ó dé náà nìyẹn. A ó kọ́kọ́ máa wo ara wa, èmi lẹ́yìn ẹ̀rọ, òun lẹ́yìn sítíárìn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ̀kalẹ̀, á wọlé wẹ̀, á jẹun, á na ẹ̀yìn sórí ẹní. Ó tiẹ̀ lè sùn. Bí ìlà ọkọ̀ bá fẹ́ sún, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á pariwo, "Dírẹ́bà sìmẹ́ńtì, wọ́n ti ń lọ o," òun á sì sáré jáde pẹ̀lú tówẹ̀ẹ̀lì lọ́rùn. Á sún ọkọ̀ kọjá ilé kan tàbí méjì, á tún padà wá parí oúnjẹ rẹ̀.

Sìmẹ́ńtì kì í kúrò nínú ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo máa ń fi aṣọ tí mo rì bọ omi gbígbóná nù ún, á di ojú, á dákẹ́ bí ọmọ ọwọ́. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì, mo máa ń dúró kí n gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní, "Mọ́mì, ṣé ó rẹ̀ yín ni?" Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá kan tó ń ta kẹrosíìnì nínú ilé wa ló máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Á ní, "Ìyàwó, ìjọba ló ń bá ẹ tọ́jú ilé ẹ." Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ ìjọba.

Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ ọ̀nà tí kì í parí, àfi tí owó bá tán, owó kò sì tán nígbà yẹn. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ bí ayé ṣe máa rí fún mi. Ó ní eré ni ọkọ̀ yóò máa sá lórí ọ̀nà tuntun náà, ọlọ́pàá kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ kankan dúró, gọ́tà jíjìn yóò sì wà láàárín ilé àti títì.

"Àfi ọkọ̀ tó bá bàjẹ́," ó ní. "Wọ́n á la àyè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ìyẹn, kó má bàa dí ọ̀nà."

Mo béèrè ibi tí àyè náà yóò wà. Ó ní òun kò mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí wọ́n là á sí ìtòsí wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bẹ Ọlọ́run fún ọmọ, èmi ń bẹ̀ ẹ́ fún ibi tí ọkọ̀ tó bàjẹ́ máa dúró sí.

Àdúrà náà gbà, n kò kàn mọ̀ ni. Àwọn awọnlẹ̀ dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n na okùn, wọ́n wo inú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn, wọ́n sì kan àwọn èèkàn tí wọ́n kun lórí ní ọ̀dà pupa síwájú ilé wa títí dé ojúlé kẹta. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Èmi náà ti múra ọjà, mo gba Aswani lọ láti ra òwú àti síìpù.

Baba Onílé wa, ọmọ Ẹ̀gbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, kò lè fojú rí èèkàn pupa. Ọ̀nà yìí kan náà ti gba ilé ìdáná rẹ̀ àti igi ọsàn rẹ̀. Èèkàn pupa ló kọ́kọ́ dé nígbà yẹn, katapílà sì tẹ̀lé e. Ní Ìsọlọ̀ ìgbà náà, ẹni tó bá rí èèkàn pupa níwájú ilé rẹ̀ kì í dúró béèrè ìtumọ̀. Baba kó àwọn ọkùnrin ilé jọ. Wọ́n fi okùn wọn àlàfo tó wà láàárín èèkàn kan sí èkejì kó má bàa yàtọ̀, wọ́n hú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ síwájú pátápátá, létí irà níbi tí àwọn obìnrin ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, tí kò sí ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún wọn kàn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kan náà, ìlà kan náà. Wọn kò ṣiṣẹ́ ìjọba dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo fi tọjà dé, wọ́n ti ń mu mínírà, wọ́n ń yọ̀ pé ilé kò ní wó mọ́. Wọ́n fún mi ní ìgò kan, mo mu ún tán.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe kò béèrè ìdí tí èèkàn fi rìn. Ibi tí wọ́n bá a ni wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí. Wọ́n dí apá kan irà náà, wọ́n kó òkúta sí i, wọ́n da ọ̀dà lé e. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí fóòmánù kan tó gbé ṣòkòtò wá kí n bá òun gé e kúrú. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sínú irà.

"Ibi tí ọkọ̀ tó bàjẹ́ á ti máa dúró ni," ó ní. "Ó tiẹ̀ ya èmi náà lẹ́nu pé ibẹ̀ ni wọ́n fi sí. Iwájú yín níbí la rò pé ó máa wà, torí ilẹ̀ ibí le. Kì bá tí kan ògiri ẹnikẹ́ni."

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Mo parí ṣòkòtò ọkùnrin náà, mo gbà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, torí ojú mi kò sí lára rẹ̀ mọ́. Bó ṣe lọ tán, mo lọ bá Baba Onílé níbi tó ti ń gbatẹ́gùn. Mo kúnlẹ̀ o, ilé tí wọ́n ti kọ́ mi ni mo ti wá, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ kú iṣẹ́," mo ní. "Ẹ ti bá mi gbé ọkọ mi lọ gbìn sínú irà."

Baba ní kí n jókòó, kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé. Baba wá ní, "Ìyàwó, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Jọ̀wọ́, má bínú." Bí àgbàlagbà bá ti bẹ ọmọdé, kí ni ọmọdé tún fẹ́ sọ? Mo dìde, mo lọ sunkún níbi iṣẹ́ mi.

Wọ́n ṣí ọ̀nà. Ó dán, kí n má parọ́. Àwọn ènìyàn ń jáde wá wòran ọkọ̀ lórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọkọ mi á kọjá lówùúrọ̀, á fọn fèrè, á na ọwọ́ síta. Kí n tó sáré dé ẹ̀bá gọ́tà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ń juwọ́ sí. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ti ro tirẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà ti dára, ẹrù kò gbọdọ̀ sùn lọ́nà mọ́. Kó já a ní Ìbàdàn, kó padà sí Àpápá, kó tún kó òmíràn. Inú ọkọ̀ ló wá ń sùn. Wíwá sílé di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá sì wá, oorun ló máa ń bá wá.

Ìyá oníkẹrosíìnì wá sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ kan. "Dírẹ́bà? Gáréèjì wo ni wọn kì í ní ìyàwó sí? Ẹni tó bá fẹ́ dúró, á wá ibi tó máa dúró sí." Ó ń ṣeré ni, ṣùgbọ́n eré náà wọ̀ mí lára. Ṣé ọkọ mi kò lè dúró ni, àbí kò fẹ́ dúró? Mo ń rò ó bí mo ṣe ń gé aṣọ, mo ń rò ó bí mo ṣe ń jẹun. Bí mo ti rò ó tó, bẹ́ẹ̀ ni àárò rẹ̀ ń le sí i. Ìbínú wá bá mi. Mo pinnu pé n kò ní jáde sí fèrè kankan mọ́. Bó bá ti dún, mo máa ń tẹ ẹ̀rọ kíkankíkan kí n má bàa gbọ́. Mo ń gbọ́ ọ náà ni. Ó sì wù mí kó dúró.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí irà yà sọ́dọ̀ mi.

"Ìyàwó, ọkọ ẹ wà ní ọsibítù mọ́tò," ó ní. Orúkọ tí àdúgbò sọ àyè náà nìyẹn. "Ó ní ọkọ̀ ti kọṣẹ́, kó o máa bọ̀."

Gbogbo ìbínú mi fò lọ. Mo bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó wà nílẹ̀ sínú abọ́, mo sì ronú bí ìyàwó tó gbọ́n: mo yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀lé mi. Kò jampata. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, a gba ẹ̀bá gọ́tà lọ nínú oòrùn. Ọ̀nà náà jìn, ìrẹsì ń gbóná mọ́ mi láyà.

Ọkọ̀ ọkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá kan dúró níwájú rẹ̀, torí wọ́n máa ń ṣọ́ ibẹ̀ kí àwọn tí ọkọ̀ wọn kò bàjẹ́ má bàa sọ ọ́ di gáréèjì. Ọkọ mi jókòó sábẹ́ òjìji ọkọ̀. Ó ti fọ ojú, ó ti ya irun, kò sí èérí epo kankan lára ẹ̀wù rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ronú débẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó rí mẹkáníìkì lẹ́yìn mi, ẹ̀rín náà kú.

"Ta ló ní kó o pe mẹkáníìkì?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ọkọ̀ kọṣẹ́. Ṣé kí n pe tẹ́lọ̀ ni?"

Mẹkáníìkì ti ṣí iwájú ọkọ̀, ó ti tẹ orí bọ inú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó nàró, orí wáyà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wáyà náà kò já, kò jó. Ẹnìkan ló tú u jẹ́jẹ́, tó sì ká a sápá kan kó má bàa sọnù. Mẹkáníìkì wo wáyà, ó wo ọkọ mi, ó wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

"O ò jáde mọ́," ó sọ fún mi, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo fọn fèrè fọn fèrè, o ò jáde. Bí mo bá rí ẹ lẹ́bàá gọ́tà yẹn, òun ló máa ń gbé mi dé Ìbàdàn. Mo wá ibi tí mo lè dúró sí. Ibí nìkan ni wọ́n gbà wá láyè, wọn ò sì ní gbà àfi tí ọkọ̀ bá bàjẹ́."

Inú mi dùn, ojú sì tì mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọlọ́pàá ti sún mọ́ wa. "Oga mechanic," ó ní, "e spoil abi e no spoil? If e no spoil, make una comot."

Mẹkáníìkì mi orí. "Ah, ọ̀gá, e spoil well well. I go find part for Oshodi."

Ọlọ́pàá náà wò ó, ó wò wá, ó padà sí àyè rẹ̀. Mẹkáníìkì pa iwájú ọkọ̀ dé, ó gbé àpótí rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ kọjá lára mi, ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí.

"Ìyàwó, ìgbà wo ni kí n padà wá tún un ṣe?"

Mo wo ọkọ mi. Mo wo oòrùn, kò tíì kúrò láàárín ọ̀run.

"Baba," mo ní, "ẹ má kánjú."