Etí Búrẹ́dì Lókè Ààrò

Òórùn ẹ̀pà yíyan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ti gbẹ: bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi, ilé ìdáná ìyá mi ní Ikpinlè ni ọkàn mi ń sá lọ. Ògiri amọ̀, páànù tó ti dúdú, àti àjà igi lókè ààrò níbi tí àgbàdo irúgbìn ti ń gba èéfín. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ṣe búrẹ́dì tirẹ̀. Kì í lo ìwúkàrà. Á po ìyẹ̀fun àlìkámà mọ́ ẹyin àti òróró, á da ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti sá títí ó fi le bí awọ sí i, pẹ̀lú ẹ̀pà àti kajú tó rún wómúwómú, á wá bu ìyẹ̀fun funfun inú ọ̀rá kékeré tó ń mú un wú lójú iná sí i. Inú agolo tòmátì ńlá ló ń dà á sí, agolo á wọnú ìkòkò irin tó ní iyanrìn nídìí, ẹyin iná á gun orí ọmọrí. Kí á tó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ti jinná.

Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ń rìnrìn-àjò ló ń ṣe é. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ní Massè ló ti kọ́ ọ. Ẹni tó ń lọ á jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi á gé etí kan, á fi ewé gbígbẹ wé e, á fi sórí àjà. Tí ẹni náà bá dé, á gún etí náà, á pò ó mọ́ búrẹ́dì tuntun. "Kó wá jẹ èyí tó fi sílẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Ó ṣe é nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ sí Gabon. Mo ṣì ń rí i lẹ́yìn alùpùpù, àpò láàárín itan, ẹnu kún fún búrẹ́dì. "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí èèrà jẹ tèmi o!" Ìyá mi juwọ́ sí i. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tàwa yòókù kì í pẹ́ lókè àjà. Tirẹ̀ pẹ́. Lórí fóònù, ọdún tó ń bọ̀ ló máa ń wí. Iṣẹ́ rédíò ti gbé mi lọ sí Kútọnu nígbà náà. Tí mo bá wálé, òkè ni mo ń kọ́kọ́ wò. Ìyàwó àbúrò bàbá wa, tí òun àti ìyá mi jọ ń dáná, kì í yé fi ìyá mi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyálé, ẹ jẹ́ ká fún adìẹ. Eku ló kù tó máa jẹ ẹ́."

"Eku tó bá jẹ ẹ́, òun ló máa lọ Gabon lọ mú ọmọ mi wá."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ìyá mi á gun àpótí, á pààrọ̀ ewé rẹ̀.

Ìyá mi kú nígbà òjò. Ẹ̀gbọ́n mi ò rí ọ̀nà wá fún ìsìnkú. Ìgbà tí a kórè àgbàdo tán ló dé. Ó lọ sí ibojì, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbójú sókè.

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ta ni yóò sọ ọ́ nù?" ni ìyàwó àbúrò bàbá wa dáhùn. "Ṣé o fẹ́ kí ìyálé mi wá bá mi jà lójú oorun ni?"

Ìyàwó àbúrò bàbá wa nawọ́ mú etí náà, ó fi ọmọ odó gún un kúnná, a pò ó mọ́ tuntun. Iyanrìn tí a dà ò tó, ìdí búrẹ́dì jóná. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ tòun ti ìdí. Bí iṣẹ́ mi ti kọ́ mi, mo bi í léèrè bó ṣe rí lẹ́nu.

"Èéfín," ó ní. "Gbogbo èéfín ọdún tí mi ò fi sí nílé."

Ìgbà náà ni ìyàwó àbúrò bàbá wa tún nawọ́ sókè, ó mú ìdì kékeré mìíràn wá. "Tìrẹ nìyí. Ìgbà tó o lọ kẹ́yìn, kí ìyálé mi tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ló gé e. Ṣé ká gún un?"

Mo ti wálé láti ìgbà náà, mo ti sin ìyá mi pàápàá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣe búrẹ́dì. Mo gba ìdì náà, mo gbóòórùn rẹ̀, mo gun àpótí, mo dá a padà sórí àjà.

Mo ń ṣe búrẹ́dì yìí ní Kútọnu báyìí lórí gáàsì. Ó ń wú, ìdí rẹ̀ kì í jóná, àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n wá gún etí tèmi tó wà ní Ikpinlè, mo máa ń ní ó di ìgbà mìíràn. Tí a bá gún un, mo ti dé nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lókè, ìyá mi ṣì ń retí mi.