Fóònù Sutinah Tí Kò Jẹ Iná Mọ́

Ní gbogbo Malang, ìlú wa, kò sí ẹni tó mọ inú fóònù tó mi, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ẹ béèrè ní ibùdó ọlọ́kadà wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Sutinah ni mo ń bọ̀ wá sọ.

Opó ni Sutinah. Ọ̀kadà ló fi ń gbé èrò, inú fóònù sì ni iṣẹ́ ti ń wọlé fún un. Kì í fọkàn tán èèyàn: tó bá ra tẹ́ḿpè díndín, ẹ̀wà sóyà tí a mọ pọ̀, níwájú ẹni tó dín in gan-an ni yóò ti gbóòórùn rẹ̀ wò. Fóònù rẹ̀ kì í rí ọ̀sán kó tó kú. Ni Ngadiran, ọlọ́kadà ẹgbẹ́ wa, bá bá a tẹ àtúnṣe tuntun tí àwọn tó ṣe fóònù fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, iná ò tán mọ́. Èyí tó ń ṣẹ́ kù nírọ̀lẹ́ tó se ìrẹsì ilé mẹ́ta.

Inú ẹlòmíì ì bá dùn. Ti Sutinah kọ́.

"Pakde," bí wọ́n ṣe ń pe àgbà bíi tèmi nìyẹn, "kí ló dé tí fóònù mi ò jẹun mọ́? Ara rẹ̀ ò yá."

"Ṣé ìgbà tó ń jẹ iná run lo fẹ́?"

"Iṣẹ́ ò wọlé mọ́! Ngadiran ń gbé èrò, èmi ń lé eṣinṣin. Tí n ò bá rí iṣẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, àwọn tó ń fi èrò ránṣẹ́ sí wa á yọ orúkọ mi."

Àwa ará ibí kì í gbéyàwó, a kì í ṣílé, láì kọ́kọ́ ṣírò ọjọ́ ọ̀sẹ̀ pọ̀ mọ́ ọjọ́ ọjà, ká lè mọ ọjọ́ tó dára. Mo bá ṣírò ọjọ́ tó ra fóònù mọ́ ọjọ́ tí wọ́n tẹ àtúnṣe. Wọn ò bára mu rárá. Bí mo ṣe parí ìṣirò náà, ilẹ̀ mì díẹ̀, bó ti máa ń mì níbí.

Sutinah fò dìde. "Ngadiran! O mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ burúkú fún mi!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé fóònù ń lọ ilé ọkọ ni? Ẹ gbé e wá kí n wò ó."

"Má fọwọ́ kàn án! Gbé tìẹ wá."

Ó tẹ́ fóònù méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ti Ngadiran dún. Tirẹ̀ dákẹ́. Ó fìka gún ojú fóònù rẹ̀: bó ṣe tàn, iṣẹ́ ti àárọ̀ rọ́ wọlé gììrì, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

"Ó ń sùn," ló wí. "Ọ̀lẹ! Kí iná rẹ̀ má bàa tán ló ṣe ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ mi."

Ohun tí mo ti mọ̀ látàárọ̀ nìyẹn.

Ngadiran mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ fóònù kó má sùn mọ́. Sutinah ní kó fẹnu sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí èrò fi pè. Bátìrì padà sí ìwà àtijọ́, ó ń kú lọ́sàn-án. Ìsọ̀ onírẹsì tó ní iná ló wá ń lọ jẹun sí, kí òun àti fóònù jọ yó. Orúkọ rẹ̀ ò kúrò.

"Ẹ ò wá bẹ̀ mí?" Ngadiran béèrè.

"Màá bẹ̀ ọ́, tí mo bá ti mọ ẹni tó ní kí wọ́n máa kun fóònù mi lóorun." Ó dé akoto, ó wo Ngadiran tìfuratìfura, ó sì tan ọ̀kadà.