Igi Ọfà Mẹ́ta Tí Mo Pè Ní Títọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga dé ìdajì ọrun bàbá àgbà, ẹnu mi ló ń sọ igi tí yóò di ọfà àti èyí tí yóò di igi ìdáná. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ni mí lóòótọ́, ọdẹ sì ni bàbá tó bí bàbá mi, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló yàn mí.

Eèsún ni a ń lò, irú èyí tó ń hù létí odò. Ẹ má rò pé igikígi ni a lè fi ṣe ọfà o. Èyí tó ṣì tutù yóò súnkì bó bá gbẹ, èyí tí kòkòrò sì ti jẹ inú rẹ̀ yóò ṣẹ́ bí a bá ti fa ọrun. Ìgbà ọyẹ́ ni a máa ń gé e, a ó wá èyí tí kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ, tí oríkèé rẹ̀ jìnnà síra. A ó dì í, a ó gbé e sórí àjà nílé ìdáná, kí èéfín máa fẹ́ ẹ títí yóò fi pọ́n. Ìyá àgbà kì í yé ráhùn pé igi ọdẹ ti gba ààyè ẹja àwọn. Bí mo bá dán irú rẹ̀ wò nínú flat mi ní Peckham, ní ìlú òyìnbó níbí, ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá rú yóò pe gbogbo àdúgbò jáde.

Tí igi bá gbẹ tán, ó ku yíyàn. Èmi yóò gbé ìdí igi sí ojú kan, n ó di ojú kejì, n ó wò ó lọ dé orí, n ó sì sọ pé, "Ó tọ́," tàbí "Ó wọ́." Bàbá àgbà yóò gbà á, wọn yóò yí i díẹ̀ lórí itan wọn bí ẹni tí ń ṣeré, kí wọ́n tó fi í sí ibi tó yẹ.

Ojú bàbá àgbà ti ń ṣú nígbà náà, àwa méjèèjì nìkan la mọ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Mo rò pé ìdí tí wọ́n fi yàn mí nìyẹn. Bí bàbá mi bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, wọn yóò gba ọrun lọ́wọ́ bàbá àgbà, ọdẹ ńlá yóò sì di ẹni tí ń ṣọ́ adìẹ nílé. Bàbá àgbà bẹ̀ mí kí n má sọ. N kò sì sọ.

Ní ọdún kan, àwọn ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo wa, àwọn ọkùnrin ilé sì dájọ́ tí àwọn yóò lọ lé wọn. Bàbá àgbà ní àwọn ń bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n kọsẹ̀ lára gbòǹgbò lójú ọ̀nà oko, tí ojúgun wọn bó, tí a jọ purọ́ nílé pé ẹ̀gún ló fà á ya. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo fi ọgbọ́n ọmọdé rò ó pé bí ọfà wọn kò bá dára, kò ní í ba nǹkan kan, àwọn ọkùnrin yòókù yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá àgbà yóò sì fẹ̀yìn tì sílé. Nígbà tí a jókòó láti yan igi, mo mú mẹ́ta tó wọ́ bí ìrù ajá, mo ní, "Ó tọ́, Bàbá." Wọ́n gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n yí wọn lórí itan, wọ́n sì kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò lọ, bàbá àgbà gbé ọrun lọ bá bàbá mi níwájú gbogbo ilé. Wọ́n ní, "Gbà. Ojú mi kò ríran mọ́, ó sì ti pẹ́."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n kó igi mẹ́ta náà lé mi lọ́wọ́, wọn kò tilẹ̀ tíì fi irin sí wọn lórí. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ti mọ igi kí n tó bí bàbá rẹ. Kì í ṣe ojú rẹ ni mo ń wá, ọmọ mi, ìwọ ni mo fẹ́ kó máa jókòó tì mí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó fẹ́ràn mi bá ti ń purọ́ nítorí mi, ọrun yẹn ti wúwo jù fún mi."

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń kọ́ ọfà títa báyìí ní ọ̀nà Surrey Quays. Ní Sátidé tó kọjá, ó kó igi ọfà mélòó kan wá bá mi nínú páálí, igi tí ẹ̀rọ ti fá, tó ń dán. Ó ní, "Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi check wọn. Èwo ló straight jù?"

Mo gbé ọ̀kan sójú. Kùrukùru ni mo rí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń fi ọwọ́ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí n tó rà á lọ́jà Rye Lane, ọmọ yìí ló sì ń ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì fún mi. Mo ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀, torí ìyá rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí n dá jáde mọ́.

Mo gbé igi náà sórí itan, mo yí i. Ọwọ́ mi kò gbàgbé. Ibi tí mo ti ń yàn wọ́n ni fóònù rẹ̀ dún, ìyá rẹ̀ ni. Mo gbọ́ tí ọmọ náà ń sọ pé, "No, Mum, Grandma wà fine. Ojú wọn? Wọ́n ń rí gbogbo nǹkan, I swear." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí dé ọkàn.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Eèsún etí odò ti di igi inú páálí. Irú ojú tèmi yìí, wọ́n ní wọ́n ń ṣe é ní ọsibítù ní Lewisham, èèyàn á sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá àgbà, síbẹ̀ wọ́n gbé ọrun wọn sílẹ̀ nítorí mi. Èmi tí ìwòsàn wà nítòsí mi, ẹ̀yìn ọmọdé ni mo sá pa mọ́ sí.

Mo na ọwọ́ sí i. Mo ní, "Gbé fóònù yẹn fún mi, ọmọ mi."