Ikọ́ Èéfín Pùpùrù

Títí di òní, tí ẹnìkan bá dárúkọ kòrónà létí mi, kì í ṣe ilé ìwòsàn ni ọkàn mi máa ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjù-Odò ló máa ń lọ, níbi tí ìyá mi ti fọwọ́ bo ẹnu. Inú á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi lákọ̀tun.

Pùpùrù ni ìyá mi ń ṣe. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ la máa ń rẹ sínú omi títí tó fi máa rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n rogodo, a ó tò ó sórí àjà, a ó wá dáná sábẹ́ rẹ̀ kó lè gbẹ. Èéfín iná yẹn kì í ṣe kékeré. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá mi ti ń wúkọ́, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ikọ́ náà. Tó bá ń bọ̀ láti odò, ikọ́ rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ délé, àwọn ọmọdé á sáré jáde láti kí i káàbọ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí àrùn.

Àfi ìgbà tí kòrónà dé. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ká jìnnà sí ẹni tó bá ń wúkọ́. Wọ́n ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òkìtìpupa, mo bá palẹ̀ mọ́, mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjù-Odò kí kónílé-ó-gbélé má baà ká mi mọ́ ibi tí mo dá wà. Mo rò pé ilé ló máa rọrùn jù. Mo tan ara mi jẹ.

Àsìkò àkọ́rọ̀ òjò nìyẹn, ìjì ló sì máa ń gbé e wá lọ́dọ̀ wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti apá odò. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, páànù orí ilé wa ti ṣí, ó fò kọjá lórí oko ẹ̀gẹ́, ó lọ há sára ọ̀pẹ. Òjò wọ yàrá. Ògiri alámọ̀ tí bàbá mi mọ kó tó kú rin gbingbin, ó sì tẹ̀ sínú lápá ibi tí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi wà. Nígbà tó dá díẹ̀, ojú ọ̀run ṣì ṣú dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa le jù. Mo ní láti wá òrùlé fún ìyá mi kí òjò náà tó dé, torí ògiri yẹn máa wó lù ú bó bá sùn síbẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan kan tí à bá máa rò. Ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tó wà lókè díẹ̀ sí ilé wa, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ìjì bá ṣí ilé rẹ̀ máa ń sá lọ, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ, ìbáà ṣe mùsùlùmí. A ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó tẹ́ ẹní, àwọn obìnrin á gbé ìkòkò kaná lẹ́yìn ilé. Mo ká ẹní, mo fa ìyá mi lọ́wọ́.

Alàgbà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àgékù aṣọ funfun ìjọ ni wọ́n fi rán ìbòmú rẹ̀. "Ìjọba ní ká má ṣí i," ó ní, "nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wúkọ́, kó má wọlé o."

Ìyá mi bọ́ bàtà. Mo rí i tó ń sé ikọ́ náà mọ́ ọ̀fun, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ikọ́ náà bú jáde.

Ẹ wá wo eré! Gbogbo àwọn tó wà nínú ilé sún mọ́ ògiri. Ìyàwó alàgbà, tó ti ń ra pùpùrù lọ́wọ́ ìyá mi tipẹ́tipẹ́, gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Àwọn ọmọdé wà níbí."

"Ikọ́ wo?" Mo pariwo. "Ikọ́ tẹ́ ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí lẹ wá sọ di kòrónà? Èéfín pùpùrù tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ni, mà!"

"Ọmọ mi, a mọ̀," alàgbà ní. "Àmọ́ ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà?" Ó ní kí ìyá mi jókòó síta lábẹ́ etí òrùlé, kí èmi wọlé. Háà! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgboro dé ni kí n wọlé, ìyá tí kò kúrò láàárín wọn rí ni kó jókòó síta!

"Ó tó," ìyá mi ní. Ó ti ń wọ bàtà rẹ̀ padà. "Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Èmi gan-an, ẹ̀rù ara mi ti ń bà mí."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Òkìtìpupa pé kó jẹ́ ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. "Àbúrò mi, ọlọ́pàá kún ojú títì," ó ní. "Ọlọ́kadà wo ló máa gbé ẹni tó ń wúkọ́? Ìyàwó mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

"Ṣé kí n gbé màmá wa kọ́ sórí igi ni?"

Ó ní òun á máa gbàdúrà fún wa. Ká ní mo ní fóònù mìíràn ni, ǹ bá ti la èyí tó wà lọ́wọ́ mi mọ́lẹ̀.

Kí n tó yíjú, ìyá mi ti ń lọ sí abà pùpùrù rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ni òrùlé abà náà, ó sì kúrú débi pé a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ká tó wọ ọ́. Ìjì ò rí ibi mú níbẹ̀. A jókòó ti iná lábẹ́ àjà. Òjò dé, ó le ju tàkọ́kọ́ lọ lóòótọ́, ìyá mi ń wúkọ́, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà kan, a gbọ́ gbì láti apá ilé. Ìyá mi fi igi kún iná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni àkọ́kọ́ tá a rí ni ìyàwó alàgbà, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó wó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, ó wò ó, ó mirí. "Màmá, ẹ kú ewu o. Wọn ò ná ọjà. Mo ní kí n wá ra pùpùrù díẹ̀ lọ́wọ́ yín, ká lè tètè gún un fún àwọn ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Orí mi gbóná. "Pùpùrù tí ìyá mi wúkọ́ sí mọ́jú, mà? Kòrónà ò sí nínú ìyẹn?"

Ó wolẹ̀. "Iná á ti pa á," ó ní.

"Gba abọ́ lọ́wọ́ ìyàwó wa," ìyá mi ní fún mi. Mi ò mira. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ jáde lọ gbà á. Ó kó pùpùrù sí i, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ikọ́ dé, ó tún padà wá kó o títí abọ́ fi kún. Ó wá mú ẹyọ kan sí i, èyí tó tóbi jù lórí àjà, ó fi ṣe ènì.

"Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀," ó ní.

Mo dúró, mo ń wo obìnrin náà bó ṣe ń gòkè lọ. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, alàgbà yẹ̀ fún un, ó sì gbé pùpùrù ìyá mi wọlé.