Omi Tí Ìyá Mi Ń Fún Ọkọ̀ Mi Mu

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ìgbà tó yẹ kí ènìyàn máa pààrọ̀ kúláǹtì, ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tutù, ẹ má bi mí tí ẹ bá ń kánjú. Mo lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn láì gbé itọ́ mì. Ìwé tó bá ọkọ̀ mi wá láti ìlú òyìnbó ní ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ gáréèjì wa ní kúláǹtì wo, ṣebí omi lomi ń jẹ́. Èmi ò gba ti ìwé, n ò sì gba ti gáréèjì. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò tíì rin ilẹ̀ wa lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti jóná tán, tí ọ̀dà títì ń rọ̀ lábẹ́ táyà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń gbóná ju ti ọkọ̀ akérò lọ, ohun tó sì ń tù ú lára kì í ṣe omi lásán. Bí kúláǹtì bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ á lọ, á wá máa jẹ irin tó yẹ kó máa dáàbò bò. Ní tèmi o, kí ọdún méjì tó pé ni mo ti máa ń wá ẹni tó máa bá mi pààrọ̀ rẹ̀.

Ara mi kì í balẹ̀, òótọ́ ni. Ìyá mi ní nígbà tí àwọn lóyún mi, àwọn ò rí ẹ̀gbẹ́ kan sùn lé. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe náà kò ràn mí lọ́wọ́. Kajú ni mo ń rà. Lásìkò kajú, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé oko ló ń rí ọjà. Ẹni tó bá dúró jẹun àárọ̀, ìtàn ni yóò bá níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù mi á máa bọ̀ lẹ́yìn, èmi á ti sáré ṣíwájú lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ, ní Ọ̀tu, àti ní àwọn abà tí ènìyàn ò lè júwe fún àlejò. Ìdí tí mo fi ra ọkọ̀ ayára nìyẹn. Ìdí tí mo ń sọ fáwọn èèyàn nìyẹn ṣá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Tí mo bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn níbi tí títì ti gún régé, tí àwọn igi òrí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn, ìgbà yẹn nìkan ni ọkàn mi máa ń fìdí kalẹ̀.

Ìyá mi ló ń jìyà rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ní Ṣakí ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti ṣaláìsí. Ìyá Àlájà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí wọ́n ti dé Mẹ́kà. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ tí ọ̀nà Ìsẹ́yìn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá mi sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún: kí ọmọ àwọn sin àwọn, kí àwọn má sin ọmọ.

Láàárọ̀ tí mo bá ń lọ oko, wọn kì í bá mi jà. Wọ́n á jáde pẹ̀lú búta tí wọ́n fi ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, wọ́n á dúró ti ọkọ̀.

"Ọkọ mi, rọra o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Mo ti gbọ́, Màámi. Kajú ni ò gbọ́ òwe."

"Ìwọ náà ò gbọ́. Ẹni tó gbọ́ kì í tètè dáhùn báyẹn."

Ìyàwó mi sọ fún mi pé bí mo bá ti lọ báyẹn, wọn kì í lè jẹun. Orí ẹní ìkírun ni wọ́n máa ń wà títí wọ́n á fi gbọ́ ìró ọkọ̀ mi ní ìkóríta. Mo fi ṣe ẹ̀rín. Mo ní ẹni tó bá bí irú mi, ó yẹ kó ti mọ́ ọn lára.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ooru tètè dé. Kò pẹ́ rárá tí mo pààrọ̀ kúláǹtì, èyí tó pupa bí omi ìṣápá. Ìṣe mi ni pé láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, mo máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo máa ń wo ike funfun tí kúláǹtì ń gbé, bóyá ó wà láàárín ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wọlé lọ wẹ̀, màá sì fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ṣàdédé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò yé mi. Ẹnu ìdérí ike náà máa ń rin, bíi pé nǹkan ń tú jáde níbẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọ̀ pupa rẹ̀ sì ń ṣí díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife ìṣápá. Síbẹ̀ kò dín kù. Bí nǹkan bá ń jò, ó yẹ kó dín kù. Mo wo abẹ́ ọkọ̀, mo wo páìpù, mo tan tọ́ọ̀ṣì síbi tí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ò lè dé. Oorun dá lójú mi. Bí mo bá ń wakọ̀, ojú mi kan wà lójú ọ̀nà, ìkejì wà lára géèjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń lọ sí abà kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ọ̀tu ni, ọwọ́ géèjì dìde. Kò tíì wọ ibi pupa, ṣùgbọ́n ó ti kúrò níbi tó máa ń dúró sí. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣí ìdérí yẹn nígbà tó bá gbóná, nítorí yóò tú síni lójú. Kò sí ohun tó kù ju kí n jókòó lọ. Ẹ ò mọ irú ìyà tí ìjókòó jẹ́ fún mi. Mo jókòó sábẹ́ igi, mo dìde, mo yí ọkọ̀ ká, mo tún jókòó. Àgbẹ̀ kan tó ń gun ọ̀kadà kọjá dúró, ó bi mí bóyá kí òun bá mi wá omi.

"Rárá o, ẹ ṣeun. Ọkọ̀ yìí kì í mu omi."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí ló wá ń mu?" Ó ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù ẹlòmíì kọjá lójú mi, ó ń lọ síbi ọjà tí mo ń lé. Inú bí mi débi tí mo fi ta táyà nípàá, ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì ṣe léṣe. Mo ti mọ ẹni tí màá dá lẹ́bi. Mẹkáníìkì mi ní Ìsẹ́yìn ni. Ayédèrú kúláǹtì ló rọ sínú ọkọ̀ mi.

Nígbà tí ọkọ̀ tutù, mo rọra wà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò rọra. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán.

"Ẹ jókòó, Alájì," ló wí, èmi tí n kò dé Mẹ́kà rí.

"N ò jókòó. Mo ti jókòó tó lónìí."

Ó fa díẹ̀ jáde nínú ike náà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní kí èmi náà wò ó.

"Omi ló kún inú ẹ̀, Alájì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ra kúláǹtì yẹn, ẹ̀yin lẹ já ìdérí ẹ̀ lójú mi. Ẹnì kan ló ń fún ọkọ̀ yìí lómi mu. Bó bá ti ń dà á kún un, tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, èyí tó pọ̀jù á tú dànù. Díẹ̀díẹ̀ báyẹn, omi lásán ló máa kù."

Òótọ́ ni, èmi ni mo rà á, nítorí n kì í jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi rà á. Ó tú gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tó ń da ìdọ̀tí epo sí, ó fi omi bátìrì ṣan inú ẹ́ńjìnnì, ó sì rọ tuntun sí i. Mo dúró tì í, mo ń wo omi yẹn bó ṣe ń dà lọ, mo sì ń ṣépè fún ẹni tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí mi.

Nígbà tí mo délé, n kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló ń da omi sọ́kọ̀ mi?"

Ìyá mi wà lórí ẹní wọn, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà. Wọ́n parí èyí tí ọwọ́ wọn wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó gbójú sókè.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin, Màámi?"

"Èmi ni. Nígbà tó o bá wọlé lọ wẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń dà á, mo máa ń ṣe Bísímílà sí i. Àbí kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ń mu omi?"

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kúláǹtì fún wọn láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn. Mo sọ ti ooru, mo sọ ti irin, mo sọ ti ọdún méjì. Mo ní díẹ̀ ló kù kí wọ́n bá mi ba ọkọ̀ jẹ́. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọn ò jiyàn.

"Omi tó wà níbẹ̀ wá ńkọ́?"

"Wọ́n ti dà á nù."

"Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n dà á sí?"

"Inú dúrọ́ọ̀mù epo ìdọ̀tí ni."

Wọ́n ní, "Háà." Wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n sì tún ń fa tẹ̀súbáà wọn lọ. Mo rò pé mo ti borí nìyẹn.

Ìyàwó mi ló tẹ̀ lé mi wọ yàrá. "Ṣé ẹ mọ irú omi tó jẹ́ ṣá?"

Mo ní omi wo ni ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe ti inú búta.

Ó mi orí. "Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lónìí ni. Omi Samusamu ni. Èyí tó wà nínú àpótí."

Kò sí ẹni tí kò mọ àpótí yẹn nílé wa. Nígbà tí ìyá mi ti Mẹ́kà dé, wọ́n gbé omi Samusamu, omi kànga mímọ́ ibẹ̀, bọ̀. Wọ́n pín in fún gbogbo ẹbí, olúkúlùkù fẹnu kàn án. Èyí tó kù, wọ́n rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré, wọ́n gbé e sínú àpótí pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n ti rà sílẹ̀ de ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa títí ó fi sú wa: aṣọ yẹn ni kí a fi wé àwọn, omi yẹn ni kí a kán sí àwọn lẹ́nu bí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́. Ìgbà kan tí ibà dá wọn dùbúlẹ̀, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mu díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Mo lọ ṣí àpótí nígbà tí wọ́n wà lẹ́yìnkùlé. Aṣọ funfun wà níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà. Ó fúyẹ́. Mo rántí bí mo ṣe dúró ti dúrọ́ọ̀mù yẹn tí mo ń ṣépè, mo sì sunkún. Ọkùnrin tó ti ń hewú, mo sunkún lórí àpótí ìyá mi, n kò sì tijú láti sọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ẹni tó ń wá omi Samusamu kiri. Mo bi lèmọ́mù àdúgbò, mo bi àwọn oníkajú, mo bi ẹni tí mo mọ̀ àti ẹni tí n kò mọ̀: ta ló ti Mẹ́kà dé? Ní ìkẹyìn, obìnrin oníṣòwò kan ní Àgọ́-Àrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún mi ní ìgò kan, ó ní kí n bá òun kí ìyá mi. Mo rọra wakọ̀ gbé e bọ̀ wálé débi pé àwọn ọ̀kadà ń fi mí sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé e fún wọn.

"Màámi, ẹ fi sínú àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọkọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ti ní tiẹ̀."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n ṣàdúà fún mi, àdúà gígùn, wọ́n ní n kò ní pàdé ìjàm̀bá, wọ́n ní èmi ni n óò sin àwọn. Wọ́n gbé e sínú àpótí, wọ́n sì tì í. Ọkàn mi balẹ̀, mo sì ń rọra rìn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kajú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ mi náà sì mọ ibi tó máa ń tẹ̀. Kò pẹ́ tí èmi náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kadà sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wẹ̀ tán, mo jáde. Kí n tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ọkàn mi ní kí n tún wo ike náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kúláǹtì ti kọjá ìlà òkè.

Ìyá mi dúró ti ọkọ̀, búta wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ọwọ́ òsì wà lábẹ́ ìborùn. N kò pariwo. Kò sí agbára ariwo lára mi.

"Màámi, ẹ tún ti ṣe é."

"Díẹ̀ ni. Ṣé ó ti pọ̀jù ni?"

"Kí la máa wá kán sí yín lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé tí kò tíì gbọ́n.

"Omi kànga ẹ̀yìnkùlé wa tó," ni wọ́n wí. "Ìwọ ṣáà ti wà nílé lọ́jọ́ náà, kó o kán an sí mi lẹ́nu."