Ẹ́ńjìnnì Tí Bàbá Ìjọ Tà Fún Wa

Ìgbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé ní Amùkòkò, iṣẹ́ bàbá mi ni kí ó máa tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fún àwọn télọ̀. Kì í ṣe télọ̀ Ajégúnlẹ̀ nìkan. Ó ní alùpùpù ńlá kan tó fi ń jáde lọ sí Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Oǹdó, títí dé Ilé-Ifẹ̀, tí yóò sì gba Ìbàdàn padà wá bá wa. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, yóò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, yóò tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ ìró alùpùpù yẹn. Wọ́n á ti gbé ẹ̀rọ tó ń já òwú síta kí ó tó sọ̀ kalẹ̀.

Kì í ṣe irú alùpùpù kékeré tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń rí lójú títì. Ó wúwo, ó gùn, ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bí àga, písítìn méjì ló sì wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Atukọ̀ ojú omi kan ló gbé e gba Àpápá wọlé, bàbá mi sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Oúnjẹ tí a ń jẹ, ara alùpùpù yẹn ló ti ń wá.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti parí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ti sọ fún mi pé ohun tí òun bá mú bọ̀ láti ìrìn àjò ìparí ọdún ni òun yóò fi fi mí sí girama. Ìgbà Kérésì ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn télọ̀, ìgbà náà sì ni ẹ̀rọ wọn máa ń bàjẹ́ jù. Ìrìn àjò kan ṣoṣo yẹn ló ń gbé wa wọnú ọdún tuntun.

Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà kú sójú ọ̀nà Ṣàgámù. Ọkọ̀ tó ń kó pákó bọ̀ ní Èkó ló gbé òun àti bàbá mi wálé. Mẹkáníìkì wa, ará ìhà Wọ́rì tó ti pẹ́ ní Ajégúnlẹ̀, tú u sílẹ̀ lórí páálí. Irin tó gbé ọ̀kan nínú písítìn dúró ti ṣẹ́, ó sì ti fọ́ ilé ẹ́ńjìnnì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò ibẹ̀ gba ọwọ́ mi. Ọ́ìlì tó ń jáde níbẹ̀ dúdú, ó kún fún ẹ̀rún irin, ó sì ń rùn bí ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ìkòkò.

Mẹkáníìkì náà nu ọwọ́. Ó ní, “Baba, this one don finish. Ká wá òmíràn ni.”

Ohun tí òun fẹ́ ni kí a wá òfìfo ilé ẹ́ńjìnnì, kí a kó ohun tó ṣì dára nínú tiwa sínú rẹ̀, kí a sì ra písítìn tuntun sí i. Ó ní ìyẹn ni ọkàn òun balẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ó lè má parí kí ọdún tó yí. Bí a kò bá lè dúró, kí a lọ sọ́dọ̀ àwọn onítòkunbọ̀ ní Creek Road lọ ra odidi. Bàbá mi ní ọ̀nà kan tún wà. Ó ní bàbá ìjọ wa sọ fún òun lẹ́yìn ìsìn pé òun ní irú ẹ́ńjìnnì yẹn ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Warehouse Road, pé òun fúnra òun ni òun tún un tò. Mẹkáníìkì náà yọ ṣùtì.

Creek Road ni èmi, bàbá mi àti mẹkáníìkì náà kọ́kọ́ lọ. Inú àgbàlá kan ni wọ́n kó àwọn ẹ́ńjìnnì náà jọ gègèrè, ti ọkọ̀, ti alùpùpù, ti ẹ̀rọ amúnáwá, òjò ti pa wọ́n, omi ọ́ìlì sì dúró lábẹ́ wọn. Ọkùnrin kan ń tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà. Kò jìnnà sí ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ jókòó sí, tó ń fi ọwọ́ dúdú ya búrẹ́dì jẹ. Ẹlòmíràn ń da kẹrosíìnì sí ara ẹ́ńjìnnì kan, ó ń fi àkísà nù ún, kò sì dúró kí ó gbẹ tó fi ń fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà lé ìpẹtà lórí.

Ó rí i pé bàbá mi ń wò ó. Ó ní, “Bàbá, ẹ súnmọ́ ibí. Arẹwà rèé. Òyìnbó ló lò ó, kò mọ gálọ́ọ̀pù rí.”

Bàbá mi fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn níka.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ má fọwọ́ pa á lára bẹ́ẹ̀ o. Ṣé ẹ fẹ́ fi ṣe ìyàwó ni?” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì náà bá wọn rín in.

Bàbá mi nu ìka rẹ̀ sí ara ògiri. Ó ní kí a máa lọ sí Warehouse Road.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá ìjọ mọ́. Wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n fi kàlẹ́ńdà ìjọ kọ́ ògiri, wọ́n sì tẹ́ aṣọ funfun bo ẹ́ńjìnnì náà lórí tábìlì bí oúnjẹ Olúwa. Bàbá ìjọ fúnra rẹ̀ ló ṣí aṣọ náà. Ó ní, “Ọmọ mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó. Písítìn tuntun ló wà níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìwọ, kò ní kúrò níbí.” Ó so bátìrì àti ike epo mọ́ ọn, ó tan án. Ìró rẹ̀ rọ̀, kò sí gbígbọ̀n kankan. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rín lójú bàbá mi láti ìgbà tí ọkọ̀ pákó ti gbé e wálé.

Mẹkáníìkì wa súnmọ́ ọn. Ó ní, “Baba, ẹ jẹ́ ká open am. Orí ẹ̀ nìkan. Kò ní pẹ́.”

Bàbá ìjọ kò wo mẹkáníìkì. Bàbá mi ló ń wò. “Ṣé ìwọ lo rán an ní ọ̀rọ̀ yìí?”

“Rárá o, sà.”

“Ó dáa. Ẹ mú sípánà wá, ẹ tú u. Èmi tí mo gbé ọmọ rẹ yìí lọ́wọ́ níbi ìrìbọmi. Ẹ tú tèmi wò bí ẹni ń tú ẹrù olè.”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì náà. “Ẹ má bínú, sà. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ti tó mi.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù kọ́ ló bà á. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Láàárín wa nígbà náà, bí àgbàlagbà bá sọ fún ọ pé nǹkan òun dára, tí o sì tú u wò lójú rẹ̀, o ti pè é lólè. Bàbá ìjọ náà mọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi ìyẹn ṣe ọjà.

Nígbà tí a sanwó tán, tí a gbé e délé, ìyá mi kò wo bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń dán. Ó ní, “Ṣé ẹ ṣí i?”

“Bàbá ìjọ ló tà á.”

“Mo mọ ẹni tó tà á. Mo ní ṣé ẹ ṣí i?”

Bàbá mi ní kí ó má pariwo. Ìyá mi ní òun kò pariwo. Ó ní, “Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán yẹ̀rì lásán, ẹ kì í sọ ohun tó ṣe é láìtú u. Bí télọ̀ bá ní kí ẹ má tú u, ẹ máa ń ní kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé.”

“Èyí yàtọ̀.”

“Kí ló fi yàtọ̀?”

Bàbá mi ní òun fẹ́ lọ wẹ̀.

Mẹkáníìkì gbé ẹ́ńjìnnì náà sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, bàbá ìjọ jáde síta, ó gbé ọwọ́ lé alùpùpù náà, ó fi òróró sàmì sí táńkì rẹ̀, ó sì gbàdúrà pé kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run má ṣe kọsẹ̀. Bàbá mi gbéra lọ́jọ́ kejì. Ó dé Ìjẹ̀bú-Òde. Kò dé Oǹdó.

Nígbà tó padà dé, apá rẹ̀ kan ti bó, nítorí táyà ẹ̀yìn alùpùpù náà dúró lójijì lórí eré. Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà lójú gbogbo wa. Gírísì ni wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì, ó ki bí ẹ̀kọ, òun ló ń gbé ariwo irin mì. Nígbà tí ooru ọ̀nà jíjìn mú un, ó yọ́ tán. Níbi tó yẹ kí irin tuntun wà, agolo mílíìkì ni wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n ká sí i, kí irin tó ti gbó lè fún. Àwòrán màlúù ṣì wà lára ọ̀kan, orí àti ìwo kan. Mẹkáníìkì tutọ́ sílẹ̀. Ìyá mi wọlé lọ.

Bàbá mi fi aṣọ ìnujú di agolo náà, ó mú mi dání, a lọ bá bàbá ìjọ. Ó kí i tán kí ó tó tú u. Ọkùnrin náà wò ó, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, “Nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi, ṣé kò ṣiṣẹ́? Ìwọ lo ń sáré. Ta ló sì mọ ibi tí mẹkáníìkì rẹ ti rí agolo? Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni.” Ó wá fi ọwọ́ gbá bàbá mi léjìká. Ó ní kí a máa lọ, òun yóò fi í sínú àdúrà.

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde níwájú gbogbo ìjọ, ó ní ọ̀kan wà láàárín wa tí ọ̀tá dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, kí Ọlọ́run dìde fún un. Ìjọ ṣe àmín. Bàbá mi náà ṣe é, ó sì ṣe é ketekete létí mi. Mo ti rí ẹni tó ń tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ ní Creek Road. Kò rí mi lára tó àmín yẹn. Ìyá mi gbé àbúrò mi pọ̀n, ó jáde, kò sì wọ ìjọ yẹn mọ́ títí ó fi kú.

Ìrìn àjò ọdún yẹn dúró síbẹ̀. Àwọn télọ̀ rí ẹlòmíràn. Bàbá mi lọ ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Àpápá, èmi náà ń ru ẹrù níbẹ̀. Irùngbọ̀n ti hù lójú mi kí n tó jókòó ní kíláàsì girama, ní iléèwé ìrọ̀lẹ́, láàárín àwọn tó ń pè mí ní bùrọ̀dá.

Lónìí, àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń ráhùn pé àwọn ọmọ ìwòyí kò bọ̀wọ̀ fágbà, pé wọn á ní kí o tan nǹkan kí àwọn gbọ́, wọn á ní kí o tú u kí àwọn wò ó, wọn á tún yà á sí fóònù. Mi ò bá wọn dá sí i. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń sọ, mo ti rí ohun tí wọ́n ń fi í bò.

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, mo fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀ tó ń lò ní ṣọ́ọ̀bù ìdirun rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá rà á. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó tan án, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì ní ó dára. Mo ní kí ó tú u.

Ó ní, “Kò tó bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin bàbá wa ni.”

Mo wọlé lọ mú sípánà wá, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní bí kò bá tú u, n kò tà á. Ojú tì í, ó ń wò mí bóyá inú ló ń bí mi. Mo fa àga, mo jókòó tì í títí tó fi tú èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn bóòtù náà.